Ẹ Tọ́jú Ajá àti Ológbò Yín, Kí Ẹ Lè Dáàbò Bo Àwọn Ọmọ Yín



Ní ìlú Ìbẹfun àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ajá àti ológbò wà lára àwọn tí ń bá wa gbé inú ilé. Ajá ń ṣọ́ ilé lóru, ó sì ń bá ọdẹ lọ sí igbó. Ológbò ń lé eku tí ń ba gaàrí àti àgbàdo jẹ́. Àwọn ọmọ wa a sì máa bá wọn ṣeré láti òwúrọ̀ di alẹ́. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé, kò sí ẹni tí ó ń ro ti ìlera àwọn ẹran wọ̀nyí àfi ìgbà tí wọ́n bá ṣe ẹnìkan ní jàǹbá. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìlera ajá àti ológbò kò ṣe é yà kúrò lára ìlera ọmọ tí ń bá wọn ṣeré. Abẹ́rẹ́ tí a fún ajá lónìí lè gba ẹ̀mí ọmọ là lọ́la.

Kí ni àrùn dìgbòlugi?

Dìgbòlugi ni àrùn tí ó burú jù lọ tí ènìyàn lè kó lára ajá. Kòkòrò àrùn náà, tí ojú lásán kò lè rí, a máa wà nínú itọ́ ẹran tí ó ní àrùn yìí. Bí irú ẹran bẹ́ẹ̀ bá gé ènìyàn jẹ, tàbí tí ó fi èékánná ya á lára, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan egbò, ojú tàbí ẹnu ènìyàn, àrùn náà lè wọ ara. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Oṣù méjì sí mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbà kí àmì tó hàn, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré, ó sì lè tó ọdún kan. Nígbà tí aláìsàn bá ti ń bẹ̀rù omi, tí kò lè gbé itọ́ mì mọ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́, nítorí ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ nígbà gbogbo.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, pàápàá ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú ènìyàn 100 tí ó kó o, nǹkan bí 99 ni ó jẹ́ pé lára ajá ni wọ́n ti kó o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń kú ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, nítorí pé ọmọdé sún mọ́ ajá ju àgbàlagbà lọ, kì í sì í sábà sọ nígbà tí ajá bá gé e jẹ.

Báwo ni a ṣe lè mọ ẹran tí ó ní i?

Ìwà ẹran náà yóò yí padà. Ajá tí ó jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ lè máa gé igi, òkúta àti ènìyàn jẹ. Itọ́ a máa dà lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ a yí, àgbọ̀n rẹ̀ lè wọ́ sílẹ̀, a sì máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Àwọn mìíràn kò ní ṣe wàhálà rárá. Wọn yóò kàn lúgọ sí ibi òkùnkùn, pàápàá ológbò. Ẹ má ṣe sún mọ́ irú ẹran bẹ́ẹ̀, ẹ má sì ṣe ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti wò ó bóyá egungun ni ó há a lọ́fun.

Àrùn tí a lè dènà ni

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885, ní ìlú Paris, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ajá dìgbòlugi gé jẹ ní àjẹsára tí Louis Pasteur ṣe. Ọmọ náà sì yè. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ajá kò kó àrùn yìí ran ènìyàn mọ́ ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Lára ohun pàtàkì tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń fún àwọn ajá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún.

Bí ajá 7 nínú 10 ní àdúgbò bá gba abẹ́rẹ́ yìí, àrùn náà kì í rí àyè tàn kálẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá nìkan ṣe é. Ẹ bá aládùúgbò yín sọ̀rọ̀. Ọmọ ajá àti ọmọ ológbò yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ta, kí a sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún. A ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ajá ní orílẹ̀-èdè wa fúnra rẹ̀, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, tàbí ní ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìmọ̀ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Bí ajá tàbí ológbò bá gé ọmọ jẹ

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú egbò náà lójú ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ẹ máa fi ife bu omi dà á. Ọṣẹ ìfọṣọ náà yóò ṣiṣẹ́.

2. Ẹ má ṣe fi epo pupa, ata, iyọ̀ tàbí àgúnmu sí i.

3. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kódà bí egbò náà kò bá ju ìfarapa kékeré lọ. Láti Ìbẹfun, ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ rí i pé ọmọ gba gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá.

4. Ẹ má ṣe sáré pa ajá náà. Bí ó bá ṣe é ṣe láìséwu, ẹ so ó mọ́lẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bí ó bá ṣàìsàn tàbí kú, ẹ sọ fún ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ 10 yìí kí ẹ tó gbé ọmọ lọ. Jíjẹ ẹ̀dọ̀ ajá náà kì í ṣe oògùn, ewu ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe na ọmọ nítorí pé ajá gé e jẹ. Ọmọ tí ó bá ń bẹ̀rù pàṣán yóò fi egbò pamọ́, ìpamọ́ yìí ni ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́

Ajá àti ológbò nílò omi mímu tí ó mọ́ àti oúnjẹ tí ó ní ẹja tàbí ẹran díẹ̀ nínú. Ẹ má ṣe fún wọn ní àlùbọ́sà, ẹ má sì fún ajá ní egungun adìyẹ tí a ti sè, nítorí pé ó máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún un nínú. Ẹ má ṣe fún ológbò ní parasẹ́támọ́ọ̀lù láéláé; ó lè pa á. Bẹ́ẹ̀ ni májèlé eku lè pa ológbò tí ó bá jẹ eku tí ó ti jẹ ẹ́.

Ajá tí a so mọ́ inú oòrùn láti àárọ̀ di alẹ́, tí a sì ń lù, kì í pẹ́ di oníjà. Ẹ fún un ní ibòji, kí ẹ máa tú u sílẹ̀ nínú ọgbà, kí ẹ sì máa pè é pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ajá tí ń jẹun, tí ń sùn, tàbí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú.

Ẹ máa kó ìgbẹ́ wọn kúrò ní àyíká, nítorí pé ẹyin aràn tí ó wà nínú rẹ̀ lè bá àwọn ọmọ tí ń ṣeré nínú iyanrìn. Ẹ máa fún àwọn ẹran náà ní oògùn aràn bí òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ẹran bá ti júwe rẹ̀, kí ẹ sì máa yọ eégbọn kúrò lára wọn. Aboyún kò gbọdọ̀ kó ìgbẹ́ ológbò. Kí ẹlòmíràn bá a ṣe é lójoojúmọ́, nítorí kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Kí gbogbo ará ilé sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹran, kí wọ́n tó jẹun.

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. A ti fun fèrè náà sí yín létí báyìí. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ béèrè ibi tí a ti ń fún ajá ní abẹ́rẹ́, kí ẹ sì mú tiyín lọ.