Wọ́n Ti Yọ Kókó Ọmú: Ṣé Ó Ti Parí Náà Nìyẹn?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa ní Fìdítì, Ìlọrà àti gbogbo Afijió,

Ọ̀rọ̀ òní kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ọ̀kan nínú wa rí kókó lọ́mú. Ó tètè lọ, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un n'Íbàdàn, a sì bá a yọ̀. Nígbà tó ní dókítà sọ pé ìtọ́jú ṣì kù, àwa náà la ní, "Wọ́n ṣáà ti yọ ọ́, kí lẹ tún ń náwó sí?" Ọ̀rọ̀ yẹn kò dáa lẹ́nu wa. A lọ bèèrè, ohun tí a gbọ́ nìyí.

Ẹ wo apẹ̀rẹ̀ ọsàn. Bí ẹyọ kan bá rà, a ó mú un jù nù, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ lè ti kan òmíràn tí ojú wa kò rí. Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ. Èyí tí ojú rí ni abẹ ń yọ. Wóróbo rẹ̀ lè ti gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ, tí ẹ̀rọ kankan kò lè fi hàn. Ìtọ́jú tó kù wà kí àìsàn má bàa padà.

Iná ni àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n yọ kókó nìkan fún, tí wọ́n fi ọmú sílẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń ní kó gbà á: ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 6. Ìkejì ni kẹmó, oògùn tí wọ́n ń fà síni lára, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ 3 lọ́pọ̀ ìgbà, fún oṣù mélòó kan. Ó ń rẹni, ó ń bini lóòyì, irun á re, ṣùgbọ́n irun á tún hù. Ìkẹta ni oògùn oníhóró bíi tamoxifen, ẹyọ kan lójúmọ́ fún ọdún 5, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí omi ara obìnrin ń bọ́ jẹjẹrẹ tirẹ̀ nìkan ló wà fún. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí 10 bá fẹ́ kú nínú àìsàn náà, nǹkan bíi 3 ló ń gbà là.

Ẹ má yá oògùn aládùúgbò lò o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn n'Íbàdàn kó tó lọ sí Chicago, ti fi hàn pé èyí tí kì í gbọ́ oògùn oníhóró yẹn pọ̀ lára àwa obìnrin dúdú. Torí náà, ẹ bi dókítà: Báwo ni kókó náà ṣe tóbi tó? Ṣé ó dé abíyá? Ṣé ibi tí wọ́n gé mọ́? Irú wo ni? Èrè wo ni ìtọ́jú yìí á ṣe fún mi, ìyà wo ló sì máa fi jẹ mí?

Ẹlòmíràn wà tí kókó rẹ̀ kéré, tó ti dàgbà, tí àìsàn mìíràn ń bá fínra. Dókítà lè sọ fún un pé èrè rẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá kọ̀ ọ́, kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí owó tàbí ẹnu wa má ṣe ni yóò pinnu fúnni.

Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akérédolú, aya gómìnà Oǹdó àná, ní àìsàn yìí ní 1997. Ọdún yẹn náà ló dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ n'Íbàdàn. Ó ti lé ní ogún ọdún, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ fún obìnrin.

Arábìnrin wa ti bèèrè, ó sì ti yàn. Ó ń gba iná báyìí. Ẹ̀yin tó wà n'ítòsí rẹ̀, ẹ bá a jókòó ti igbá títí yóò fi dé láti Ìbàdàn. Èyí la lè ṣe.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.