Owó Ojú-Ẹsẹ̀ Lórí Ilé
Ẹ̀yin ìyá wa, bí baálé bá ti papòdà, tí owó ilé-ìwé ọmọ sì di ìṣòro, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí yóò ka owó sílẹ̀ pé òun fẹ́ ra ilé lónìí-lónìí. Ìdààmú yín ni yóò fi rà á lówó pọ́ọ́kú. Nínú àṣà wa, ilé tí baálé fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún di ilé ẹbí fún àwọn ọmọ rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bí olórí ẹbí kò bá fọwọ́ sí títà rẹ̀, asán ni. Láti ọdún 1978, òfin tún béèrè àṣẹ gómìnà fún títà ilé ìgboro. Ẹ fi ọ̀ràn lọ ẹbí àti lọ́yà ná. Oníbàárà tí kò lè dúró, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.