Finch Gbọ́ Ohùn Ara Wọn, Tèèyàn Ńkọ́?

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì California, Berkeley, ti gbé ìwádìí wọn lórí ẹyẹ zebra finch jáde nínú ìwé ìròyìn Science ni àhesọ ti ń ràn pé finch gbédè. Ẹni tí odídẹrẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lè tètè gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ẹyẹ tó ń kí i káàárọ̀ láti ọdún gbọọrọ ti lọ. Finch rèé, kò ju bíi gíráàmù 12 lọ, owó rẹ̀ kò wọ́n, wọ́n sì tún ní ó gbédè. Àmọ́ ó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè pé èdè ta ni.

Ẹyẹ 12 ni wọ́n fi ṣe ìdánwò náà. Ẹyẹ á fi ẹnu sọ bọ́tìnì, ohùn finch mìíràn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Oríṣi ohùn 11 ni zebra finch ní, ṣùgbọ́n oríṣi kan ṣoṣo ló ní èrè nínú ìdánwò kọ̀ọ̀kan: bí ẹyẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, hóró oúnjẹ á bọ́ sílẹ̀ fún un. Àwọn yòókù, òfo ni. Ẹyẹ ọlọ́gbọ́n kì í jókòó ti òfo. Bó bá ti dá ohùn náà mọ̀ pé kò lérè, á tún sọ bọ́tìnì kí òmíràn lè bẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá ti gé ohùn kúrò àti ibi tó bá ti dúró ni àwọn olùwádìí fi mọ ohun tó ń rò.

Pé finch lè ya ohùn kan sọ́tọ̀ kò yà mí lẹ́nu. Àṣìṣe àwọn ẹyẹ náà ló dùn mọ́ mi jù. Ká ní etí lásán ni wọ́n ń lò, ohùn tó bá jọra nìkan ni wọn ì bá máa fi pe ara wọn. Wọ́n ṣe irú àṣìṣe yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń fi àwọn ohùn tó ń jẹ́ iṣẹ́ kan náà pe ara wọn, ju bí ìjọra ohùn ṣe lè fà á lọ. Finch ní ìpè kúkurú fún ẹni tó wà nítòsí, ó ní èyí tó ń ké kíkankíkan bí kò bá rí ẹnì kejì rẹ̀ mọ́. Ó ní igbe ìkìlọ̀, ó ní ti ìjà, ti inú ìtẹ́, àti ti ọmọ tébi ń pa. Ọmọ tí wọ́n ní kó gbé ìkòkò wá, tó gbé ìṣaasùn dé, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, àmọ́ ó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ dáná. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìtumọ̀ nínú ìwádìí yìí kò ju ìyẹn lọ. Ohùn finch ni wọ́n gbọ́, kò sí ohùn èèyàn níbẹ̀.

Orin tún yàtọ̀ sí ìpè, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ń ra ẹyẹ máa ń ṣìnà. Akọ nìkan ló ń kọrin nínú zebra finch, ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ ló sì ti ń kọ́ ọ. Láti bí ọmọ ọjọ́ 25 ni etí rẹ̀ ti ń gba orin náà sílẹ̀. Á máa wí wótòwótò bí ọmọ tuntun, á máa tún un ṣe, títí di bí ọjọ́ 90, lẹ́yìn náà orin ti dì, kò ní í yí padà mọ́. Klaus Immelmann, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, fi hàn ní 1969 pé akọ tí Bengalese finch, irú ẹyẹ mìíràn, bá tọ́ dàgbà, orin alágbàtọ́ rẹ̀ ló máa kọ. Ní 2000, àwọn ará Yunifásítì Chicago rí i pé bí ẹyẹ náà bá ń sùn, apá kan nínú ọpọlọ rẹ̀ tún ń ṣiṣẹ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe ń ṣe nígbà tó ń kọrin. Wọ́n ní ó ń tún orin rẹ̀ kà lójú oorun. Bóyá àlá ni, n kò lè búra, ṣùgbọ́n ó wù mí kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Odídẹrẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. Dàgbà-dàgbà ló ṣì ń kọ́ ohùn tuntun. Alex, odídẹrẹ́ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Irene Pepperberg tọ́ ní Amẹ́ríkà, tó kú ní 2007 lẹ́ni ọdún 31, mọ ọ̀rọ̀ tó ju 100 lọ. Ẹni tó bá gbé àgbà finch wálé, kó súfèé fún un títí ilẹ̀ á fi ṣú, orin baba rẹ̀ ló máa kọ.

Ọsirélíà ni zebra finch ti wá, ìjọba ibẹ̀ sì ti fòfin de kíkó ẹyẹ ilẹ̀ wọn jáde tà láti 1960. Ìyẹn ni pé àwọn tó wà lọ́jà lónìí, inú kéèjì ni wọ́n ti ń bí wọn láti ìran dé ìran. Àwọn ẹbí rẹ̀ kan wà nílẹ̀ wa o: bronze mannikin, ẹyẹ kékeré olórí dúdú oníkùn funfun tó ń wọ́ tìrítìrí sórí koríko tó ti so. Nígbà kan, Senegal àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń kó irú wọn láti inú igbó lọ sí Yúróòpù. Àrùn bird flu ló dá òwò náà dúró. Wọ́n rí i lára ẹyẹ tó wà ní ibùdó àyẹ̀wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2005, nígbà tó sì di ọjọ́ 1 oṣù Keje 2007, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹyẹ inú igbó pátápátá. Nítorí náà, kí olùrà wo ẹsẹ̀ ẹyẹ. Òrùka tí kò ní ojú ìsopọ̀, ọmọ ẹyẹ nìkan lẹsẹ̀ rẹ̀ kéré tó láti gbà á wọlé. Ó jẹ́ ẹ̀rí tó dára pé ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ti bí i.

Èrò tèmi ni pé finch lè dá ẹni tó ń fún un lóúnjẹ mọ̀, àmọ́ n kò rí ohun tó fi hàn pé ó kà á mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá máa rà á, kó ra méjì ó kéré tán, torí ẹyẹ tí gbogbo ìpè rẹ̀ wà fún ẹnì kejì kò yẹ ní ohun tí à ń dá sìn. Akọ àti abo á máa yé ẹyin léraléra. Ẹni tí kò bá fẹ́ ọmọ, kó mú akọ méjì. Kéèjì wọn ní láti gùn ju kó ga lọ, torí ìbú ni wọ́n ń fò. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé ẹyẹ tó máa dá a lóhùn ló ṣì ń wá, kó dúró de odídẹrẹ́ tí wọ́n bí sínú ilé, tó ní ìwé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá inú igbó, lọ́wọ́, nítorí òwò ti inú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn ti dèèwọ̀ láti 2017, kó sì rò ó dáadáa wò pé ẹyẹ náà lè lò ju 40 ọdún lọ.