Dánfó Orí Tábìlì: Sáyẹ́ǹsì Tó Wà Nínú Títo Àwòṣe Ọkọ̀ Oníke

Tẹ́ ẹ bá ti wọ dánfó l'Ékòó rí, ẹ ò lè gbàgbé ẹ̀. Àwọ̀ yẹ́lò, ìlà dúdú méjì lára, ìjókòó onípákó, kọ̀ǹdọ́ tó fi ẹsẹ̀ kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń pariwo pé "Oṣòdì, Oṣòdì, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ṣùgbọ́n èyí tí mò ń sọ gan-an, ìyẹn Volkswagen T3 tí iwájú rẹ̀ rí pẹlẹbẹ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn, ó ti ń dínkù lójú títì. South Africa ni wọ́n ti ṣe é gbẹ̀yìn, ọdún 2002 ni wọ́n sì dáwọ́ dúró. Ní oṣù kejì ọdún 2017, Akínwùmí Ambọ̀dé, tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, kéde pé ìjọba fẹ́ kó dánfó yẹ́lò kúrò lójú títì pátápátá. Dánfó ṣì wà o, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe Volkswagen mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi to ọ̀kan sórí tábìlì mi. Oníke ni, kò sì gùn ju ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé lọ. Jámánì ò ní gbàgbé Volkswagen, wọ́n ní pílánù rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó lè sọnù ni nǹkan tí àwọn wẹ́dà àti pẹ́ńtà tiwa ṣe sí i: bẹ́ǹṣì tí wọ́n jó mọ́lẹ̀, okùn tó di ilẹ̀kùn mú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ya pílánù ìyẹn. Bí mo ṣe ń to ọkọ̀ yìí ni mo rí i pé físíìsì àti kẹ́místìrì pọ̀ nínú iṣẹ́ táwọn kan ń pè ní eré ọmọdé. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ibi tí kíìtì ti wá

Kíìtì ni páálí tí wọ́n kó ẹ̀yà ara ọkọ̀, bàálù tàbí ọkọ̀ ojú omi sí, tí ẹni tó rà á máa gé wọn, tò wọ́n, tí yóò sì kùn wọ́n fúnra rẹ̀. Ọdún 1936 ni ilé iṣẹ́ Frog ní Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn bàálù oníke tí wọ́n ń pè ní Penguin, ní ìwọ̀n 1/72. Airfix, tí Nicholas Kove dá sílẹ̀ ní 1939, gbé ọkọ̀ ojú omi Golden Hind jáde ní 1952. Wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù Woolworths ní owó pọ́ọ́kú, ibẹ̀ ni ọwọ́ àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù ti tó o. Ní Japan, Tamiya bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ pákó kó tó bọ́ sórí ike, Bandai sì gbé kíìtì Gundam àkọ́kọ́ jáde ní 1980.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò jìnnà sí ti àwọn oníbúlọ́ọ̀kù wa: mọ́ọ̀dù ló ń pinnu bó ṣe máa rí. Ìyàtọ̀ ni pé irin líle ni mọ́ọ̀dù yìí, wọ́n á yọ́ hóró ike nínú iná tó gbóná ju 200°C lọ, wọ́n á wá fi agbára tì í wọlé bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ti abẹ́rẹ́. Tó bá tutù, á sún kì díẹ̀. Níbi tí ike bá ti nípọn, inú máa ń tutù lẹ́yìn ara, á sì fa ara wọlé. Kòtò kékeré tẹ́ ẹ máa rí lẹ́yìn ẹ̀yà tó nípọn nìyẹn. Àwọn àmì róbótó tó wà lábẹ́ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pá irin ti tì í jáde kúrò nínú mọ́ọ̀dù.

Ìṣirò 1/25

Kíìtì T3 tí mo lò jẹ́ ti Revell, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1/25. Ọkọ̀ gidi gùn tó mítà 4.57. Pín in sí ọ̀nà 25, ó di sẹ̀ǹtímítà 18.3. Ìyẹn ò le.

Ibi tó ti dùn ni pé gbogbo nǹkan kì í dínkù bákan náà. Gígùn dínkù ní ìlọ́po 25, ṣùgbọ́n ojú ara ọkọ̀ dínkù ní ìlọ́po 25 × 25, ìyẹn 625. Ìtóbi rẹ̀ látòkè délẹ̀ wá dínkù ní ìlọ́po 15,625. Ká ní ọkọ̀ gidi wọn 1,500 kílò, tí a bá lè sún un kì pẹ̀lú gbogbo irin ara rẹ̀, gíráàmù 96 péré ló máa kù.

Ọ̀dà ò mọ̀ pé ọkọ̀ ti kéré. Tí ẹ bá kùn ún títí tí ọ̀dà fi nípọn tó mílímítà 0.1, tó jẹ́ nǹkan kékeré lára ọkọ̀ gidi, lójú 1/25 ó dà bí ọ̀dà tó nípọn tó mílímítà 2.5. Etí ilẹ̀kùn á dí, ìlà ara ọkọ̀ á pòórá, á wá dà bí ohun tí wọ́n rì sínú ẹ̀kọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, dípò ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn.

Gọ́ọ̀mù tí kì í lẹ̀

Polystyrene ni ọ̀pọ̀ ike inú kíìtì. Ẹ wo ìdí abọ́ àti ike oúnjẹ inú ilé yín: tẹ́ ẹ bá rí onígun mẹ́ta tí nọ́ńbà 6 wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà PS, ohun kan náà ni. Páálí fúnfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí níbi ìnáwó náà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, afẹ́fẹ́ ló kàn pọ̀ nínú ìyẹn.

Gọ́ọ̀mù tí a ń lò fún un kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan bíi gọ́ọ̀mù ìwé. Ńṣe ló ń yọ́ ike. Mólékù polystyrene gùn bí fọ́nrán irun, wọ́n sì lọ́ mọ́ra wọn. Tí oje olóòórùn yìí bá kan ojú ike, á tú àwọn fọ́nrán náà sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fi ẹ̀yà méjì kan ara wọn, fọ́nrán tibí á wọ inú fọ́nrán tọ̀hún, bí onídìrí ṣe ń wé átáṣìmẹ́ǹtì mọ́ irun orí. Oje náà á fẹ́ lọ, fọ́nrán á le padà, ẹ̀yà méjì á sì di ọ̀kan. Àwọn oníṣẹ́ irin máa sọ pé wẹ́dìn ni.

Gọ́ọ̀mù tó ṣàn bí omi tún ní ẹ̀bùn mìíràn. Ẹ kó ẹ̀yà méjì pọ̀ kó tó kan gọ́ọ̀mù rárá, kẹ́ ẹ wá fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kan ojú ìpàdé wọn fẹ́ẹ́. Gọ́ọ̀mù á sáré wọ inú àlàfo náà fúnra rẹ̀, bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. Agbára kan náà ló ń fà wọ́n.

Ẹ fi èyí sọ́kàn o: gọ́ọ̀mù yìí ò ní ṣiṣẹ́ lára ike ìgò omi (nọ́ńbà 1) tàbí ìdérí ìgò tó jẹ́ nọ́ńbà 2 tàbí 5. Àwọn ìyẹn ò yọ́ fún un.

Kí ló dé tí yẹ́lò fi ń dààmú èèyàn?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti kun yẹ́lò sórí ike dúdú mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ kùn ún títí, ilẹ̀ ò bò. Kí ọ̀dà tó lè bo ilẹ̀, lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tú ìmọ́lẹ̀ ká tàbí kó gbé e mì. Dúdú ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Lẹ́búlẹ́bú fúnfun tí wọ́n ń pè ní titanium dioxide mọ bí a ṣe ń tú u ká dáadáa, torí ó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ gan-an ju oje ọ̀dà tó yí i ká lọ. Ọ̀pọ̀ lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò òde òní ò tó bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá, ó ń kan ilẹ̀, ó sì ń gbé àwọ̀ ilẹ̀ padà wá sójú yín. Ojútùú rẹ̀ rọrùn: ẹ kọ́kọ́ fín pírámà fúnfun, kẹ́ ẹ tó fín yẹ́lò lé e. Fúnfun ló máa ṣiṣẹ́ tí yẹ́lò ò lè ṣe.

Lẹ́yìn yẹ́lò ni ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán. Oṣù keje ni, òjò ń rọ̀ ṣáá. Mo lọ bá pẹ́ńtà kan ní abúlé mẹkáníìkì n'Íbàdàn, ẹni tó ti kun dánfó kó tó kúrò l'Ékòó.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fín in lónìí?"

Ó wo ojú ọ̀run. "Àbúrò, lójú òjò yìí? Á funfun mọ́ ẹ lọ́wọ́ ni. Jẹ́ kí oòrùn yọ."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Tínà máa ń yára fẹ́ lọ, tó bá sì ń lọ, á gbé ooru lọ lára ohun tí wọ́n fín in sí. Ojú ọ̀dà á wá tutù. Tí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin, omi á sẹ̀ sójú tó tutù náà, bí ìgò míńrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì ṣe ń làágùn. Omi yẹn ló ń di àwọ̀ bíi eérú nínú ọ̀dà. Ọ̀gá pẹ́ńtà ò pe orúkọ físíìsì kankan, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Òun náà ló tún kìlọ̀ fún mi pé tínà ọkọ̀ ń jẹ ike, pé kí n fín in bí eruku, kí n jẹ́ kó gbẹ, kí n tó padà.

Láti Volkswagen sí dánfó

Kíìtì ò ní bẹ́ǹṣì onípákó, kò sì ní ìlà dúdú. Ibí ni iṣẹ́ gidi wà. Mo ní fọ́tò, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń wọn nǹkan nínú fọ́tò? Ẹ wá ohun kan tẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ríìmù T3 jẹ́ ínṣì 14, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 35.6. Ká ní nínú fọ́tò, ríìmù jẹ́ mílímítà 20, ìlà dúdú kan sì jẹ́ 5. Ìlà náà jẹ́ ìdámẹ́rin ríìmù: sẹ̀ǹtímítà 8.9 lára ọkọ̀ gidi. Pín in sí 25, ó di mílímítà 3.6 lára àwòṣe. Ó ṣe tán. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ya fọ́tò náà láti ẹ̀gbẹ́ gan-an, látọ̀ọ́kán, torí ohun tó sún mọ́ kámẹ́rà máa ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ.

Igi ṣíṣákì tí wọ́n fi ń ta súyà ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Okùn ilẹ̀kùn, òwú ìránṣọ ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tí wọ́n ń rì sínú omi kí àwòrán rẹ̀ lè ṣí kúrò. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi nílò ọ̀dà tó ń dán: ojú ọ̀dà tí kò dán kún fún òkè àti kòtò tí ojú ò rí, afẹ́fẹ́ máa ń há sábẹ́ àwòrán níbẹ̀, á sì máa tàn bíi fàdákà.

Ìpẹtà ló kẹ́yìn. Mo fi fóòmù tí mo ya tọ ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ síbi tí omi ti máa ń dúró: ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, abẹ́ wíńdò, ẹ̀gbẹ́ táyà. Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ló ń bí ìpẹtà, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun sì ń mú un yára. Dánfó tó ń na Èkó ò ní pẹtà lórí òrùlé kó tó pẹtà nísàlẹ̀.

Èéfín ò mọ eré

Ẹ má fojú kékeré wo apá yìí. Oje inú gọ́ọ̀mù àti tínà máa ń wọ ẹ̀jẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró. Orí fífọ́ àti òòyì ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Ìbòmú aláṣọ tàbí ti eruku ò lè dá a dúró, èyí tó ní èédú ìsẹ́ nínú ló ń mú un. Ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ kọ fáànù sóde kó máa fa èéfín lọ. Ẹ jìnnà sí àbẹ́là, gáàsì àti jẹnẹrétọ̀, torí èéfín yìí ń gbiná. Tẹ́ ẹ bá ń fi sánpépà ha ike, ẹ fi omi tọ̀ ọ́, kí eruku má bàa fò. Kẹ́ ẹ sì gbé ohun gbogbo kúrò níwájú ọmọdé.

Níbo lẹ lè ti bẹ̀rẹ̀?

Kíìtì wọ́n, mi ò ní purọ́. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi láti gbé tèmi dé ju owó kíìtì fúnra rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láìra kíìtì. Ike nọ́ńbà 6, bíléèdì, rúlà, sánpépà àti gọ́ọ̀mù tó yẹ tó láti fi kọ́ àpótí kan, lẹ́yìn náà ilé kan, lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ohun tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ni wíwọn. Ẹ yan ọkọ̀ kan tó ń kọjá ládùúgbò yín, ìyá ẹlẹ́kọ tó ní kíóósì, tàbí mọ́lúè tó ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ fi rúlà tàbí ohun kan tẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú fọ́tò, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ àti ibẹ̀ sílẹ̀. Bóyá ẹ to ó lónìí tàbí lọ́dún mẹ́wàá òní, ìwọ̀n rẹ̀ á ti wà lọ́wọ́ yín, kódà tí nǹkan ọ̀hún gan-an bá ti lọ.