Ẹsẹ̀ tí wọ́n tò ní ọ̀pítálì: ta ló ń padà wò ó bóyá ó jinná?

Ẹ̀yin ará Ìdáàṣà, ẹ mọ ohun tí títì Kútọnu sí Parakú ń fi ojú wa rí. Zémìjàn ṣubú, itan kán. Ẹlòmíì yọ̀ lórí òkè, ojúgun ṣẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi irin sí i, ó padà sílé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ńkọ́, ṣé ó lè rìn dé oko?

Ní Boston l'Amẹ́ríkà, dókítà Ernest Codman ti bèèrè bẹ́ẹ̀ ní ohun tó lé ní 100 ọdún sẹ́yìn. Ó ní káàdì fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún kan, á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá dáa, á kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pítálì ńlá tó wà kò gbà kí wọ́n máa wọn iṣẹ́ dókítà báyẹn, ó sì kúrò níbẹ̀ ní 1914. Nínú ìwé tó kọ nípa ọ̀pítálì kékeré tiẹ̀, aláìsàn 337 ló kà, àṣìṣe 123 ló sì kọ síta. Mélòó nínú wa ló lè ṣe é?

Lóde òní, ẹgbẹ́ SIGN, tí dókítà Lewis Zirkle dá sílẹ̀ ní 1999, ń fún àwọn ọ̀pítálì tí kò lówó ní irin tí wọ́n ń kì bọ inú eegun. Dókítà á fi fọ́tò eegun ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí aláìsàn bá padà wá, wọ́n á ní kó lóṣòó, kó rẹ́rìn-ín, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ìdánwò yìí o. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò lè lóṣòó, báwo ló ṣe fẹ́ dáná, báwo ló ṣe fẹ́ lọ sí ìgbẹ́?

Ti dókítà nìkan kọ́. Nọ́ọ̀sì ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i pé ọgbẹ́ ń ṣọyún. Bí wọ́n bá ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù, wọ́n lè wá ìdí: ṣé abẹ́rẹ́ tó yẹ ká gún ṣáájú iṣẹ́ abẹ ló pẹ́ ni, àbí omi ìfọwọ́ ni kò sí?

Aláìsàn tí kò padà wá ló ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Ẹni tó sàn kò fẹ́ san owó zẹ́mì mọ́. Ẹni tí tiẹ̀ bàjẹ́ gba ọ̀dọ̀ bàbá tó ń to eegun lọ, ọ̀pítálì á rò pé ó ti jinná. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù ará ilé kan sílẹ̀ fún wọn. Ẹ mú fọ́tò eegun ti àtijọ́ dání. Bí ẹ bá ti fi ewé dì í, ẹ sọ ọ́, ẹ má tijú. Bí ọgbẹ́ bá ń rùn tàbí ibà dé, ẹ má dúró de ọjọ́ rendez-vous.