Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹni tó kọjá ní Ṣágámù kò tíì rí Ṣágámù

Èrò tó ń lọ sí Ìbàdàn tàbí Ọ̀rẹ̀ a máa ní oríta lásán ni Ṣágámù: ọkọ̀ àjàgbé, eruku àti ariwo ọlọ́jà. Títì ló rí, kò rí ìlú. Ìlú mẹ́tàlá, Ọ̀fin àti Mákùn nínú wọn, ló para pọ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1872 nítorí ogun. Ẹnìkan lè ní àdúgbò lásán ni wọ́n dà báyìí. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú àlejò, torí ilé ti so kọ́ra. Àmọ́ Akárìgbò, tí ààfin rẹ̀ wà ní Ọ̀fin, ni olórí ọba Rẹ́mọ, síbẹ̀ Mákùn ṣì ní ọba tirẹ̀, Ewùsì. Ẹ tún yà sí Sábó, kí ẹ wo bí àwọn Hausa ṣe ń fi ewé di gbàǹja tó ń lọ sókè Ọya.