Ta Ni Ó Ń Fún Ìkókó Lómi?

Ọ̀rọ̀ ọyàn ni a fẹ́ bá yín sọ ní ojú ewé ìdílé ti ọ̀tẹ̀ yìí. A mọ̀ pé àwọn kan yóò máa wí nínú ara wọn pé, kí ni ó kù nínú ọ̀rọ̀ ọyàn tí àwọn nọ́ọ̀sì kò tíì sọ tán? Lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ìyá tí ó bá gbé ọmọ lọ fún ìwọ̀n ní Kambolé tàbí ní Tchamba, tàbí tí ọ̀ràn gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá ní Sokodé, mọ irú àwòrán tí a ń wí: ọ̀dọ́mọbìnrin kan, aṣọ rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ ń dán, ó gbé ọmọ tí ó sanra mọ́ àyà, ọmọ náà ń mu ọyàn. Àwòrán dáradára ni. Àbùkù kan ṣoṣo ni a rí lára rẹ̀: ọmọbìnrin náà dá nìkan jókòó.

Ta ni ó ti rí ìyá ìkókó tí ó dá nìkan jókòó ní ilé wa rí? Ìyá ọkọ wà níbẹ̀. Ìyá tí ó bí i ti gbé ẹrù rẹ̀ dé láti wá wẹ ọmọ. Àwọn ni wọ́n ń gbé omi kaná, àwọn ni wọ́n ń na ọmọ lápá, tí wọ́n ń nà án lẹ́sẹ̀, àwọn ni wọ́n mọ ewé tí a ń sè. Bí ọmọ bá ké lóru, kì í ṣe ìyàwó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí ni yóò pinnu ohun tí a ó fi sí ọmọ lẹ́nu.

Ìyàwó kan wà láàárín wa tí ó bímọ ní oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí oòrùn ilẹ̀ wa kì í ṣeré. Ó ti gbọ́ ẹ̀kọ́ ilé ìwòsàn yékéyéké: ọyàn nìkan títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi pa á mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ife omi dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ìyàwó mi, ìwọ alára ti mu omi lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti àárọ̀. Ṣé òùngbẹ kì í gbẹ ọmọ mi ni?" Ẹ jọ̀wọ́, èsì wo ni ẹ fẹ́ kí ọmọ ogún ọdún fún ìyá ọkọ rẹ̀? Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá," ó sì gba ife náà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ìgbẹ́ gbuuru ti mú ọmọ, ojú rẹ̀ wọnú, ibi rírọ̀ orí rẹ̀ jìn kòtò. Ọlọ́run yọ ọmọ náà, ó wà láàyè. Ìyá àgbà náà fúnra rẹ̀ ni ó pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, tí ó ń sunkún lọ lójú ọ̀nà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìyá náà burú. Ohun tí a fi tọ́ ọ ni ó ṣe. Àlejò tí ó bá wọlé, omi ni a kọ́kọ́ ń bù fún un, ìkókó sì ni àlejò tí ó ti ọ̀nà jíjìn jù lọ dé. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pàápàá, omi wà nínú àwọn ohun tí a fi ń ṣàdúrà, nítorí pé omi kò ní ọ̀tá. (Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà máa bá ọmọ tọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò, oyin ní tirẹ̀ kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan rárá.) Ta ni yóò wá fi omi du àlejò?

Ṣùgbọ́n ohun tí ojú kò rí nìyí. Bí a bá pín omi ọyàn sí ọ̀nà 100, ó tó 87 nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ omi. Ọmọ tí ó mu ọyàn ti mu omi, ó sì ti jẹun pẹ̀lú. Wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní àwọn ilẹ̀ tí ooru wọn pọ̀ gan-an, wọ́n sì rí i pé ọmọ tí ó ń mu ọyàn nígbàkúùgbà tí ó bá fẹ́ kò ṣe aláìní omi. Ikùn ìkókó kéré. Omi tí a bá dà sí i ń gba ààyè ọyàn. Bí ọmọ kò bá sì fa ọyàn dáadáa, omi ọyàn á dín kù, nítorí pé fífà tí ọmọ ń fà á ni ó ń mú kí ó pọ̀ sí i. Ìyàwó á wá wí pé ọyàn òun kò tó, ìyá àgbà á ní, "Mo ti wí bẹ́ẹ̀," wọn á sì po ògì. A kò tíì sọ ti ìdọ̀tí inú omi kànga, tàbí ti ife fúnra rẹ̀. Àgbo tí a fi ń rọ ọmọ kò yàtọ̀, omi ni òun náà. Omi ọyàn àkọ́kọ́ ńkọ́, èyí tí ó ki tí ó sì pọ́n díẹ̀, tí àwọn mìíràn ń fún dànù pé ó ti bàjẹ́? Òun gan-an ni ó kún fún ohun tí ń bá àrùn jà. Kí ọmọ rí i mu láàárín wákàtí kìíní tí a bí i.

Ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú ń dá kún ìṣòro náà. Èdè Faransé ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́ sára ògiri. Ní Sokodé, wọ́n á fi èdè Tem túmọ̀ rẹ̀, ní Tchamba, wọ́n lè fi Akaselem sọ ọ́, ìyàwó ilé wa á wá fi èdè tiwa ròyìn rẹ̀ fún ìyá ọkọ pé, "Wọ́n ní ọyàn nìkan." Etí ìyá àgbà gbọ́ ọ. Ohun tí ó yé e ni pé kí a má tíì fún ọmọ lóúnjẹ. Òun kò sì fún un lóúnjẹ, omi ni ó fún un. Ta ni ń ka omi sí oúnjẹ? Àwọn tí ń ṣe ìkéde ti wá rí èyí. Ní 2019, UNICEF àti Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà tí ó dárúkọ omi ní gbangba: ọyàn nìkan, kò sí omi, kò sí àgbo, títí di oṣù mẹ́fà. Wọ́n ní ọmọ 3 péré nínú 10 ni ó ń rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Tógò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìwádìí tí a ṣe ní 2013 sí 2014 fi hàn pé ó lé ní ìdajì. Ìdajì kejì ńkọ́?

Ogun àwòrán ni ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ tipẹ́. Àwọn tí ń ta wàrà inú agolo tètè mọ agbára àwòrán. Wọ́n ya ọmọ tí ó sanra sára agolo, wọ́n sì ń wọ aṣọ nọ́ọ̀sì fún àwọn obìnrin tí ń bá wọn polówó ọjà. Dókítà Cicely Williams, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana aládùúgbò wa lónìí, tí ó sì mú orúkọ àrùn kwashiorkor jáde láti inú èdè Gã, dúró ní Singapore ní 1939, ó sì pe ikú àwọn ọmọ tí irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ ń fà ní ìpànìyàn. Ní 1976, àwọn Sísítà Ẹ̀jẹ̀ Iyebíye ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ Bristol-Myers, pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ lórí bí ó ṣe ń ta wàrà ọmọ ní àwọn ilẹ̀ tálákà. Ẹ wo àwọn sísítà, tí wọn kò bímọ, tí wọ́n ń jà fún ọmọ ọlọ́mọ! Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjà Nestlé sílẹ̀. Ní 1981, ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí òfin ìtajà náà: ìbò 118 gbè é, Amẹ́ríkà nìkan ni ó dìbò lòdì sí i. Òfin náà kò fẹ́ ìpolówó fún gbogbo ènìyàn, kò sì fẹ́ àwòrán ọmọ lára agolo wàrà ìkókó.

Bí ẹ bá ń rò pé àwòrán kò tó nǹkan, ẹ gbọ́ ti Laos, ní ilẹ̀ Éṣíà. Wàrà kọfí kan wà níbẹ̀ tí àwòrán béárì tí ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà wà lára rẹ̀. Ìkìlọ̀ wà lára agolo náà, ṣùgbọ́n àwọn òbí ka àwòrán, wọ́n sì fi wàrà kọfí bọ́ ọmọ. Àwọn dókítà kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2008.

Ìjọ Mímọ́ ní àwòrán tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní Róòmù, nínú ibojì abẹ́ ilẹ̀ tí a ń pè ní ti Priscilla, àwòrán kan wà tí a gbà pé Màríà Wúńdíá ni, tí ó gbé Jésù sí ọyàn. Ó ti lé ní 1,600 ọdún. Orúkọ Màríà Ìyá Ọlọ́yàn, tí ojúbọ rẹ̀ wà ní Florida, ni àwọn ìyá méje, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, mú sọ ẹgbẹ́ La Leche tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1956 láti ran àwọn ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́. Nígbà tí Póòpù Francis, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ ní Ṣápẹ́lì Sistine ní 2014, ó ní kí ìyá tí ebi bá ń pa ọmọ rẹ̀ fún un lọ́yàn níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wo ìyá ọlọ́mọ ní ìwòkuwò nígbà Mísà, ẹ jẹ́ kí ó jókòó. Àwọn Mùsùlùmí aládùúgbò wa náà mọ̀ pé Kùránì sọ̀rọ̀ ọdún méjì gbáko. Ìwé Mákábì Kejì ní tiwa sì sọ ti ìyá tí ó fún ọmọ lọ́yàn fún ọdún mẹ́ta. Nínú ọ̀ràn yìí, a kò ní ìjà kankan.

A kò fi èyí bú ìyá tí àìsàn dè mọ́lẹ̀, tàbí ẹni tí ń tọ́ ọmọ òkú. Kí irú wọn lọ gba ìmọ̀ràn ilé ìwòsàn, kí ẹnikẹ́ni má sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn tí a ń bẹ̀ ni ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin bàálé ilé, àti ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa. Bí ìyàwó bá ń lọ fún ìwọ̀n, kí àgbà kan bá a lọ, kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fún ara rẹ̀. Kí bàbá ọmọ náà bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó má ṣe ti ìyàwó síwájú.

Nígbà tí ìyàwó tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí èkejì, ìyá ọkọ rẹ̀ bá a lọ. Ó jókòó sẹ́yìn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì dìde bi nọ́ọ̀sì léèrè pé, "Omi tí o ní kí n má fún ọmọ, ta ni kí n wá fún?"

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá ọmọ ni, Màmá. Ẹ máa bù ú fún un, kí ó mu ún yó."

Ife kan náà ni ó ṣì ń lò. Láràárọ̀ ni ó ń bu omi sínú rẹ̀, ó ń gbé e tọ ìyàwó rẹ̀ lọ, kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí yóò fi mu ún tán.